Ẹ Fi Ọwọ́ Ẹ̀yìn Sílẹ̀

Iṣu ẹyọ kan ti di dọ́là mẹ́tàdínlógún ní Jonesboro. Mi ò sọ pé iṣu ńlá o. Iṣu tó rí bí apá ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbé e dé, tí ẹni tó ń tà á á sì máa wò ẹ́ bí ẹni pé òun ló ṣe ẹ́ lóore. Mo máa ń rà á náà ni. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wà nítòsí, iṣu kan kì í bá wa sùn: òun, ọkọ rẹ̀, èmi, ó ti tán. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo ra ẹyọ kan, mo gé e sí mẹ́ta. Mo jẹ ìdá kan lọ́jọ́ Ajé, mo jẹ ìkejì lọ́jọ́ kẹrin, ìkẹta sì hu irun funfun sórí kọ́ńtà bíi bàbá àgbà. Mo bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí n tó gbé e sọ nù. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa bá mi jẹ yín ni."

Seattle ni wọ́n lọ. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé wọn lọ síbẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ni ọmọ mi, kò sí ibi tí aláìsàn kò sí. Ilé ńlá tí gbogbo wa jọ ń gbé ní Loganville, wọ́n fi háyà fún àwọn ẹlòmíì. Èmi kó wá sí yàrá méjì ní Jonesboro, kí n lè sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Aṣọ ni mò ń tà, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó wà láàárín onígbàjámọ̀ àti ọkùnrin tó ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé owó orí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò gbé ibẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín: ọjọ́ Sọ́ńdè ni gbogbo Yorùbá máa ń sọ nù ní Jonesboro. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́ta, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn wà. Mùsùlùmí lèmi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni tiwa, lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn náà ẹ̀wẹ̀, bí a bá ti sálámà tán báyìí, oníkálukú ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó fẹ́ sáré bá iṣẹ́ ọ̀sán. Nítorí náà, tó bá di Sọ́ńdè, èmi àti ọmọlangidi ńlá tí mo fi ń pàtẹ aṣọ la máa ń jókòó ti ara wa. Mo ti ń kí i láàárọ̀. Ìgbà tí mo bá a wí pé kò dáhùn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ kúrò ní eré.

Báyìí ni eré orí omi kan ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ṣáájú kí ìròyìn Seattle tó dé, ọmọ mi àti èmi jọ wa mọ́tò kọjá létí adágún omi ńlá kan lápá òkè ìlú. A rí àwọn èèyàn tí wọ́n dúró lórí pátákó pẹrẹsẹ, oníkálukú di aṣọ gàgàrà kan mú lójú omi, afẹ́fẹ́ sì ń tì wọ́n lọ. Mo ní, "Wo àwọn aláṣọ yìí. Wọ́n na ọjà wọn sórí omi. Ta ló fẹ́ wẹ̀ wá rà á?" A rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Kò mọ̀ pé mò ń ṣàwàdà lásán ni, ó rò pé ó wù mí. Nígbà tí ọjọ́ ìbí mi dé, ó lọ sanwó pé kí wọ́n kọ́ àwa méjèèjì ní eré náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ọjọ́ ẹ̀kọ́ náà tó pé, ó ti di ẹrù.

Ó pè mí láti Seattle.

"Mummy, ẹ lọ o. Wọn kì í dá owó yẹn padà."

"Ta ni kí n bá lọ?"

"Ẹ dá lọ. Ẹ máa rí àwọn èèyàn níbẹ̀."

"Èèyàn wo? Àwọn tó ń kó sómi láìsí ẹni tó lé wọn?"

"Mummy, please. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín, ọmọlangidi yẹn lẹ máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi."

Mo wo ọmọlangidi náà. Kò gbèjà mi.

Mo ra ẹ̀wù ìwẹ̀ àwọn obìnrin Mùsùlùmí lórí fóònù, dúdú láti orí dé kókósẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ tí mo dúró níwájú dígí, mo jọ ẹja àrọ̀ tó fẹ́ lọ kí àna rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nìkan. Ẹ̀rín téèyàn dá rín nínú yàrá, ó máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí kò sí ẹni tó máa sọ pé ó tó.

Olùkọ́ wa jẹ́ ọkùnrin apárí kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, oòrùn ti bó imú rẹ̀ bí ìgbà téèyàn bó èèpo ẹ̀wà. Kí n tó fẹsẹ̀ kan omi, mo ti ń ná an lọ́jà. Mo ní ẹni méjì la sanwó fún, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, ẹnì kejì ti lọ sí Seattle, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹfà ni tèmi.

Ó ní, "Kọ̀ǹpútà kò ní gbà bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kọ́ mi ni?"

Ó wò mí, ó wo ẹ̀wù ẹja àrọ̀ tó wà lọ́rùn mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti di mẹ́fà.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré la wà. Ẹnì kejì jẹ́ ìyá òyìnbó kan tí gbogbo irun orí rẹ̀ funfun báláú. Ó jù mí lọ dáadáa, Covington ló ti ń wá. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti ta ilé tí wọ́n jọ kọ́, ó ti kó ajá rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ní ara òun fúyẹ́ báyìí. Mo ní, "Ẹ máa fúyẹ́ lọ," nínú ọkàn mi, nítorí mi ò tíì mọ̀ ọ́n tó ẹni tí mo lè bú lójú.

Lókè etídò, lábẹ́ àwọn igi páìnì, tábìlì onígi gígùn kan wà. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe ló ń jókòó síbẹ̀, ẹni mẹ́fà sí méje. Bí wọ́n bá ti omi bọ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á máa jẹun, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín wọn á sì rìn dé ojú omi. Mo bi olùkọ́ pé àwọn wo nìyẹn.

Ó nawọ́ sí bọ́ọ̀lù kan tó léfòó lókèèrè, àwọ̀ rẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Ó ní, "Ẹni tó bá dá lọ yí bọ́ọ̀lù yẹn po, tó sì padà wá láìjẹ́ pé a fi ọkọ̀ lọ gbé e, ó ti di ara wọn nìyẹn. Gbogbo Sọ́ńdè ló lè máa wá."

Gbogbo Sọ́ńdè. Etí mi dìde. Kí n má purọ́ fún yín, mi ò wá afẹ́fẹ́, mi ò wá omi. Tábìlì yẹn ni mo fẹ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè mẹ́fà ni mo ní láti fi dé ìdí rẹ̀. Bí mi ò bá yí bọ́ọ̀lù náà po kí mẹ́fà tó pé, ọ̀dọ̀ ọmọlangidi ni mò ń padà sí.

Orí koríko la ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ gbé pátákó kan kalẹ̀, ó ri òpó aṣọ mọ́ àárín rẹ̀. Igi kan tẹ̀ yí aṣọ náà ká ní ìwọ̀n àyà, òun lèèyàn ń dì mú. Okùn tó nípọn kan so mọ́ ọn, òun la fi ń fa aṣọ sókè bí ó bá sùn sómi. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án kí ara mi lè mọ̀ ọ́n. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yẹ aṣọ náà wò. Ó le, ó ń dún wàràwàrà bí ọ̀rá. Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní, "Ẹ ń lò ó, ẹ ò mọ iye rẹ̀? Wọ́n ti rẹ́ yín jẹ nìyẹn."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ kan níwájú òpó, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí aṣọ bá dìde, ọwọ́ tó súnmọ́ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ni ọwọ́ iwájú. Ìyẹn kì í kúrò lára igi. Ọwọ́ kejì ni ọwọ́ ẹ̀yìn. Òun ni ilẹ̀kùn. Ẹ fà á mọ́ra, afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹ ó lọ. Ẹ fi sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde, ẹ ó dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ bá yín jà, ẹ fi ọwọ́ ẹ̀yìn sílẹ̀."

Ó rọrùn. Ìyá onírun funfun ṣe é. Èmi náà ṣe é lórí koríko, olùkọ́ ní mo gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ọjà Gbági n'Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, bí òjò bá ti ṣú, a kì í sá. Ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tó gbọ́dọ̀ dì mú. Lọ́jọ́ kan, ìjì já lù wá, ó gbá fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa kan tó wà lára ìkọ́ níwájú ìsọ̀. Mo dì í. Aṣọ náà wọ́ mi la ẹrẹ̀ já, ó fi ẹnu mi gbá òpó ìsọ̀ kejì, ètè mi là. Mi ò fi sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi dé, aṣọ ló kọ́kọ́ tú yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi. Ó ní, "O ṣeun. Ẹni tó bá jẹ́ kí aṣọ lọ, oúnjẹ ló jẹ́ kó lọ yẹn." Ó ra bisikíìtì fún mi. Mi ò lè jẹ ẹ́ nítorí ètè, ṣùgbọ́n inú mi dùn tí mi ò lè sùn. Láti ọjọ́ yẹn, bí afẹ́fẹ́ bá ti fọwọ́ kan aṣọ, ọwọ́ mi á tì pa bíi kọ́kọ́rọ́. Kì í bi mí léèrè.

A wá wọnú omi. Mo fi orúnkún gun pátákó, mo dìde, ó ń mì lábẹ́ mi bí agà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Mo fa okùn. Omi ti kún inú aṣọ náà, ó wúwo bí agbádá mẹ́wàá tí wọ́n rẹ sínú ọṣẹ. "Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi fà á, kì í ṣe ìbàdí!" ni olùkọ́ ń pariwo. Mo tẹ orúnkún, mo fara tì sẹ́yìn, omi dà kúrò, aṣọ dìde. Mo di igi mú, ọwọ́ iwájú, ọwọ́ ẹ̀yìn, mo fà á mọ́ra. Ẹ gbọ́, pátákó náà lọ! Ó lọ bí ìgbà tí ẹnì kan rọra ti èèyàn lẹ́yìn pé ó yá, wọlé. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti tì mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ni afẹ́fẹ́ bá já wọ inú aṣọ. Ọwọ́ mi tì pa. "Ẹ fi ọwọ́ ẹ̀yìn sílẹ̀!" Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ ketekete. Aṣọ náà gbé mi, ó fi mí sọ̀kò kọjá orí òpó, mo balẹ̀ sínú omi bí àpò gaàrí.

Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo ṣubú lọ́jọ́ náà. Àwọn ará tábìlì ń pàtẹ́wọ́ fún ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà máa ń ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Tèmi yìí, wọ́n rí i tán, wọ́n tún ní kí n tún un fi hàn.

Nígbà tí a sinmi, ìyá onírun funfun jókòó tì mí ní etídò, ó bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí mi.

Mo bi í pé, "Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà ńbẹ̀."

"Ha, èmi àtòun kì í jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ìjà ìdílé ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kejì, kò tíì bọ́ bàtà tó fi na búrẹ́dì mìíràn sí mi. Ó ní, "Ẹyin ni mo fi sí i. Mo bi adìẹ náà, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Búrẹ́dì náà kò ní iyọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán pátá, mo tọ́ ìka lá. Nígbà tí mo délé, mo pe ọmọ mi kí n sọ fún un, ó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò gbé e. Ọmọlangidi ni mo sọ fún. Mo ní, "Ẹyin ló ṣe wá fún mi o. Ó ronú kàn mí látilé."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi kò yí padà. Lọ́jọ́ kejì mo ṣubú, lọ́jọ́ kẹta mo ṣubú. Gbogbo nǹkan yòókù ni mo mọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi òpó aṣọ síwájú, imú pátákó á yà kúrò lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́. Bí mo bá dà á sẹ́yìn, á kọjú sí afẹ́fẹ́. Mo mọ bí wọ́n ti ń fi ìṣísẹ̀ kékeré rìn yí òpó ká bí a bá fẹ́ padà, tí ọwọ́ tó jẹ́ ẹ̀yìn nígbà àlọ á sì wá di iwájú nígbà àbọ̀. Mo mọ̀ ọ́n débi pé mo lè kọ́ ẹlòmíì. Kí afẹ́fẹ́ sáà ti já wọ aṣọ, mo ti wà nínú omi, mo ṣì di igi náà mú nísàlẹ̀ omi lọ́hùn-ún, bí ẹni pé olè ló fẹ́ gbà á.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá onírun funfun yí bọ́ọ̀lù po. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ bínú, á ṣí ọwọ́ ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ yẹn, bí ẹni tó ń jẹ́ kí ológbò jáde. Ó gúnlẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sún fún un lórí àga. Ó juwọ́ sí mi látibẹ̀ pé kí n máa bọ̀. Mo juwọ́ padà, mi ò lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n má wá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mi ò lè jókòó sídìí ìsọ̀ tí mi ò ti rà, tí mi ò ti tà. Mo jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́yin mi létí omi. Ó ṣì rántí mú un wá fún mi, ẹ wò ó, bó ti wà ní tábìlì ọlọ́lá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé fáànù ńlá sáàárín ṣọ́ọ̀bù, mo fi aṣọ kọ́ ara igi ìgbálẹ̀, mo tan fáànù dé ìparí. Bí atẹ́gùn bá gba aṣọ, màá pàṣẹ fún ọwọ́ mi pé, "Fi sílẹ̀." Oníbàárà mi kan wọlé bá mi níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gidi.

"Ha, Aunty! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń kọ́ ọwọ́ mi níwà."

Ó wo fáànù, ó wo igi ìgbálẹ̀, ó wo ọmọlangidi. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Aunty, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí church wa Sunday yìí. Pásítọ̀ á gbàdúrà fún yín."

"Mùsùlùmí ni mí."

"Wọ́n á gbàdúrà sí ìyẹn náà."

"Ẹ ní kí wọ́n gbà á sí ọwọ́ òsì. Òun ló lágídí jù."

Ó ra ọ̀pá mẹ́rin, ó ń wẹ̀yìn títí ó fi jáde.

Lọ́jọ́ karùn-ún, òjò rọ̀, mànàmáná ń kọ. Wọn kò jẹ́ ká wọ omi, olùkọ́ sì ní ọjọ́ tó lọ ti lọ, kò sí àfikún. Mo fẹ́ ná an, mo rí ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọjà yẹn kò ní já. Ó wá ku ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kẹfà, ojú ọjọ́ mọ́, ó tutù díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn mi bó ṣe yẹ. Mi ò jẹun láàárọ̀. Olùkọ́ ti pátákó mi síwájú, ó ní, "Bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín." Mo ṣe bísímílà, mo fa okùn, aṣọ dìde, mo lọ.

Mo lọ o. Ẹ ò rí mi! Omi ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ pátákó, bọ́ọ̀lù ń tóbi sí i. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo da òpó sẹ́yìn, pátákó kọjú sí afẹ́fẹ́, mo fi ìṣísẹ̀ kékeré bí aláìsàn rìn yí òpó ká, mo gba igi mú lódì kejì. Bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́yìn mi. Ó ku àbọ̀.

Kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, mo rí omi tó ṣókùnkùn tó sì ń wúnjọ bí awọ, ó ń bọ̀ wá bá mi. Ìjì kékeré nìyẹn. Ó já wọ aṣọ. Ọwọ́ mi tì. Pátákó gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi dìde lórí ìka ẹsẹ̀. Mo ń wo tábìlì lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo wọn ti dìde dúró. Mo ní, "Fi sílẹ̀." Ọwọ́ kò gbọ́. Mo bínú, mo bi í sókè ní Yorùbá, lójú adágún omi òyìnbó, mo ní: "Aṣọ ta ni? Ìwọ lo kó o wọlé? Bó bá lọ, owó ta ló lọ?"

Mo búra fún yín, ìka mi ṣí.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó ni ọjà, ọwọ́ mi rí i pé òun ò ní nǹkan kan ńbẹ̀. Aṣọ náà gbọn ara rẹ̀ jáde, ó ń fì lẹ́lẹ́, pátákó bọ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, mo ṣì wà lórí ìdúró. Kò lọ ibì kankan, ó so mọ́ ibi tó so mọ́. Nígbà tí ìjì kọjá, mo rọra fà á mọ́ra padà, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí ọmọ ń sùn nínú ilé. Títí mo fi fi imú pátákó gún iyanrìn, ẹnikẹ́ni kò fi ọkọ̀ wá gbé mi.

Ariwo tí wọ́n pa! Olùkọ́ gbá mi lọ́wọ́ títí ọwọ́ ń ta mí. Mo sáré lọ pààrọ̀ aṣọ ní ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Mo wọ búbá, mo we ìborùn àdìrẹ kan tí aró rẹ̀ mu dáadáa, mo wá sídìí tábìlì bí ìyàwó tuntun. Wọ́n sún fún mi. Ìyá onírun funfun wà lápá ọ̀tún mi, ó gbé búrẹ́dì ẹlẹ́yin síwájú mi, ẹnì kan bu omi fún mi. Mo jókòó. Igi tábìlì náà gbóná nítorí oòrùn. Mo gbé ife sẹ́nu.

Ìyá onírun funfun mú etí ìborùn mi, ó ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Irú aró wo rèé! Níbo lèèyàn ti lè rí irú èyí?"

N kò tíì gbé omi mì tí ẹnu mi fi dáhùn: "Nínú mọ́tò mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ti dìde.

Àpò ọjà mi kì í kúrò ní búùtù. Mo gbé e dé, àwọn fúnra wọn ló gbé oúnjẹ kúrò lórí tábìlì kí òróró má kàn án. Mo tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìborùn aláró, ti àwọ̀ obì, ti ewé. "Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ má bẹ̀rù, kì í jani." Mo fi bí wọ́n ṣe ń wé e hàn wọ́n, mo wé e fún ọkùnrin kan tó nírùngbọ̀n, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí ẹ̀rín. Ẹnu mi mú bí abẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbádùn ara mi tó bẹ́ẹ̀. Dọ́là méjìdínlógún ni mo pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò ná an, òyìnbó kì í nájà, ó máa ń dùn mí fún wọn. Nígbà tó kan ìyá onírun funfun, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ ni wá. Ẹ mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá."

Ó san án. Ó ká ìborùn náà sí mẹ́rin, ó fi sínú báàgì.

Ẹnì kan wo aago. Ẹnì kejì ní ajá òun wà nílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ní ọjà mi dára. Olùkọ́ béèrè bóyá mo ní káàdì ṣọ́ọ̀bù, mo fún un, ó pín in fún gbogbo wọn. Ìyá onírun funfun ló lọ kẹ́yìn. Ó dúró díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo ti fẹ́ sọ pé ká jọ lọ mu tíì nílé mi ní Covington lónìí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹnu iṣẹ́ lẹ wà."

Mo ní, "Ẹ kú ìnáwó, Mà."

Ohun tí ẹnu mi mọ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ.

Mo ká àwọn tó kù sínú àpò. Afẹ́fẹ́ ń yí àwọn ife ike kiri lórí tábìlì, mo kó wọn jọ, mo dà wọ́n sí agolo ìdalẹ̀. Mo tún jókòó. Tábìlì náà gùn gan-an, èèyàn ò ní mọ̀ nígbà tí ó bá kún. Mo jẹ búrẹ́dì náà, kò ní iyọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ka owó. Ìborùn méje, ọgọ́fà dọ́là ó lé mẹ́ta. Mo yọ owó tí mo fi rà wọ́n, dọ́là méjìlélógójì. Èrè tí mo jẹ lọ́jọ́ náà jẹ́ dọ́là mọ́kànlélọ́gọ́rin.